Ìrìn Àjò Ìsinmi sí Erékùṣù láti Abidjan: Ohun tí Olùtọ́jú Gbọ́dọ̀ Ṣètò Kí Ará Ilé Tó Gbéra

A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà, ọmọdé, aboyún tàbí ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra nínú ilé. A kọ ọ́ pẹ̀lú fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń wá bá fún ìmọ̀ràn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ lo ìsinmi ní orílẹ̀-èdè tí òkun yí ká. Abidjan ni a fi ṣe ibi tí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀, pàápàá jùlọ àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti fi ìlú náà ṣe ilé kejì láti ìran dé ìran, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè ní Anago. Cabo Verde ni erékùṣù tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà ọmọ Côte d'Ivoire tàbí ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ṣùgbọ́n àìgba físà kò túmọ̀ sí àìṣètò. Ọ̀rọ̀ ìlera lè dá ènìyàn padà lẹ́nu ibodè erékùṣù.

Kí ni ó kan èbúté ọkọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìlera?

Ẹni tí ó bá dúró ní Treichville tí ó wo apá Vridi yóò rí bí ọkọ̀ ojú omi ńlá ṣe ń gba inú ipa omi tí a gbẹ́ wọlé láti òkun sí ọ̀sà Ébrié. Ọdún 1950 ni wọ́n ṣí ipa omi náà, òun ni ó sì sọ Abidjan di èbúté ńlá. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀fọn ti fi ìtàn ìlú náà ṣe bí ó ti wù ú. Grand-Bassam ni olú-ìlú àwọn Faransé ní ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ó sì wà létí òkun gan-an. Ní 1899 ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà níbẹ̀, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn aláṣẹ sì kó ìjọba wọn lọ sí Bingerville ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àìsàn kan ni ó ṣí olú-ìlú nídìí.

Àìsàn náà kò sì tíì di ohun àtijọ́. Ní 2001 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni wọ́n fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó tún yọjú ní 2008, àti ní 2019 nígbà tí òun pẹ̀lú ibà dengue jọ ń jà nígbà kan náà. Ẹ̀fọn kan náà, tí wọ́n ń pè ní Aedes, ni ó ń gbé àìsàn méjèèjì kiri. Ọ̀sán ni ó máa ń jẹni, kì í ṣe òru nìkan, inú omi díẹ̀ tí ó dúró sínú táyà, agolo tàbí ìkòkò òdòdó ni ó sì ti ń yé ẹyin. Ẹyin rẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù títí omi yóò fi tún kàn án. Ẹ wo iye táyà àlòkù àti kọ̀ńténà tí ń gba èbúté kọjá lójoojúmọ́, yóò yé yín ìdí tí èbúté àti pápákọ̀ òfurufú tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá yàn fi gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ ìlera tí ń yẹ ọkọ̀ àti èrò wò, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlera Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007 ti là á sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àìsàn ilẹ̀ àjèjì ni àwọn ń ṣọ́ra fún bí wọ́n bá ń gba abẹ́rẹ́ ìrìn àjò. Ní ti erékùṣù wọ̀nyí, òdìkejì rẹ̀ ni. Kò sí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Cabo Verde tàbí ní Mauritius, wọn kò sì fẹ́ kí ó wọ̀lú wọn. Àwa tí a ti Abidjan tàbí Èkó wá ni wọ́n ń ṣọ́.

Ìdílé kan tí ó fẹ́ rìnrìn àjò

Kí àlàyé wa má baà wà lójú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ìdílé kan tí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Treichville. Ìyá àgbà jẹ́ ẹni ọdún 67, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó sì ń gba ínsúlínì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin lóyún oṣù márùn-ún. Ọmọ-ọmọ kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladídè, èkejì sì jẹ́ ọmọ oṣù méje. Wọ́n fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Cabo Verde. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, ìmọ̀ràn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì nílò. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá fún wọn ní ìwé kan ṣoṣo kò tíì ran wọn lọ́wọ́.

Káàdì ìyeyè

Káàdì ìyeyè ni ẹ̀rí àgbáyé pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Cabo Verde ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún kan tí ó sì ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí àìsàn náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni Mauritius pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a gba abẹ́rẹ́ ni káàdì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá gba tirẹ̀ ní Ọjọ́rú tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ Àìkú kò ní káàdì lójú òfin. Láti oṣù keje 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Bí a bá rí káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí, kò tíì kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá gún un yín lẹ́ẹ̀kejì nítorí ìyẹn. Ní Abidjan, Institut National d'Hygiène Publique tí ó wà ní Treichville ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba abẹ́rẹ́ náà.

Ìyá àgbà ni ó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ náà ní kòkòrò tí ó wà láàyè nínú, tí a ti sọ di aláìlágbára. Ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọjá 60 ọdún tí ó ń gba abẹ́rẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ewu tí ó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò bi í kò gbọdọ̀ jẹ́ "Ṣé ẹ ṣe tán láti gba abẹ́rẹ́?" Ohun tí yóò bi í ni pé: "Ìyá, níbo ni ẹ wà ní 2001?" Bí ó bá wà ní Abidjan ní ọdún náà, ó ṣeé ṣe kí ó wà lára àwọn tí ó tò sórí ìlà. Ẹ wá ìwé náà nínú àpótí, nínú Bíbélì tàbí Kùránì, nínú báàgì tí ó ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Ẹ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó kù láti ṣe, nítorí ìwé tí wọ́n fún ènìyàn nígbà ìpolongo kì í sábà jẹ́ káàdì ìyeyè ti àgbáyé fúnra rẹ̀. Wíwá ìwé fún ọjọ́ méjì sàn ju kí a fún àgbàlagbà ní abẹ́rẹ́ tí kò nílò lọ.

Aboyún kì í gba abẹ́rẹ́ yìí láìsí ìdí pàtàkì. Bí ọmọbìnrin náà kò bá tíì gbà á rí, dókítà lè kọ ìwé ìyọ̀ǹda tí ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi gbà á, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ ni yóò pinnu bóyá yóò gba ìwé náà, nítorí náà kí ìdílé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń kọ fún ẹni tí ẹyin adìyẹ ń bá jà gidigidi, àti fún ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ọmọ oṣù méje kò tíì tó gbà á, oṣù mẹ́sàn-án ni tirẹ̀, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọn yóò fi béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín ní abẹ́rẹ́. Òwò náà wà ní gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ wa, ohun tí ó sì jẹ́ kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì tí ẹ̀rọ lè kà ní 2019 nìyẹn. Ẹni tí ó ra káàdì lè gba ibodè kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ka ìwé.

Ọ̀rọ̀ ibà

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Cabo Verde ti bọ́ lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn òru ń fà, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní malaria. Ohun ńlá ni fún ilẹ̀ adúláwọ̀, nítorí kí ó tó di ìgbà náà, Mauritius àti Algeria nìkan ni ó ti gba ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Kò wá ní ìrọ̀rùn. Ní 2017 ibà náà padà sí Praia, olú-ìlú wọn, ènìyàn tí ó lé ní 400 ni ó sì mú kí wọ́n tó tún lé e lọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ìdílé wa? Àgbàlagbà tí ó ti ń gbé Abidjan láti ọdún pípẹ́ lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí pé ara rẹ̀ ń gbóná, nítorí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀fọn Praia bá jẹ ẹ́, ó lè gbé kòkòrò náà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìrìn àjò kò gbọdọ̀ fi àgbo tàbí oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lo oògùn rẹ̀ tán. Bí ara bá gbóná lọ́hùn-ún, kí ó sọ fún dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Côte d'Ivoire ni òun ti wá. Dókítà tí kò rí ibà lójoojúmọ́ lè má ronú kàn án, ọjọ́ kan tí ó bá sì sọnù lè gba ẹ̀mí ọmọdé.

Ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladídè tí dókítà ti fi sórí oògùn ìdènà ibà kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé kò sí ibà níbi tí ó ń lọ. Abidjan ni yóò padà sí. Bí ó bá jẹ́ São Tomé àti Príncipe ni ìdílé yàn dípò Cabo Verde, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ibà ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì gbé àwọ̀n ẹ̀fọn lọ.

Aboyún àti ẹ̀fọn ọ̀sán

Bíbọ́ lọ́wọ́ malaria kì í ṣe bíbọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀fọn. Láti oṣù kẹwàá 2015 wọ inú 2016, àìsàn Zika tàn ká Cabo Verde, wọ́n sì rí àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú orí tí kò dàgbà tó bí ó ti yẹ. Dengue tún jà níbẹ̀ láti ìparí 2023. Ní agbègbè Òkun Íńdíà, chikungunya padà sí Réunion àti Mauritius ní 2025. Nítorí náà kí aboyún bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bóyá kí ó sún ìsinmi náà síwájú títí yóò fi bímọ. Bí ó bá lọ, kí ó wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, kí ó fi ìpara tí ń lé ẹ̀fọn pa ara láti òwúrọ̀, kí ó sì ranti pé Zika lè gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ ran ènìyàn. Ọkọ tí ó bá jọ bá a lọ nílò láti lo rọ́bà ìdáàbòbò títí di ìgbà tí wọ́n bá bímọ.

Èwo nínú àwọn erékùṣù náà?

Èyí ni ìmọ̀ràn tí àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í fún ènìyàn. Erékùṣù mẹ́wàá ni ó para pọ̀ di Cabo Verde, ènìyàn sì ń gbé orí mẹ́sàn-án nínú wọn. Sal àti Boa Vista ni àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ jù nítorí etí òkun wọn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá méjèèjì ti orílẹ̀-èdè náà kò sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Agostinho Neto wà ní Praia lórí erékùṣù Santiago, ti Baptista de Sousa sì wà ní Mindelo lórí São Vicente. Bí ara ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gidigidi ní Boa Vista lóru, òkun ni ó wà láàárín òun àti ilé ìwòsàn ńlá. Fún ìdílé tí ó ní aboyún, alátọ̀gbẹ àti ọmọ fòníkú-fọ̀ladídè, èrò tiwa ni pé Santiago ni kí wọ́n lọ. Etí òkun wà níbẹ̀ náà.

Ọmọ fòníkú-fọ̀ladídè lẹ́nu ìrìn àjò

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ, ó sì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn balẹ̀ ni ó ń rìn ín láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìrora, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára tàbí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó wọkọ̀. Ẹ fún un ní omi mu lemọ́lemọ́, ẹ wọ súẹ́tà fún un, ẹ sì jẹ́ kí ó máa dìde rìn. Ní etí òkun, kì í ṣe iyọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìrora, òtútù ni. Omi òkun Cabo Verde tutù ju ti ọ̀sà Ébrié lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ sì le. Kí ó wẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38.5, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí dókítà rẹ̀ kọ ìwé ojú kan ṣoṣo: irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tí ó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà. Kí a kọ orúkọ gidi oògùn, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á, nítorí orúkọ ọjà Abidjan lè má sí ní Praia. Potogí ni èdè ìjọba wọn. Bí ẹ bá rí ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé náà sí Potogí, ó dára púpọ̀, bí kò bá sí, Faransé náà yóò ṣiṣẹ́.

Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Gbogbo oògùn ìyá àgbà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ó gbé lọ́wọ́, nínú páálí tí a fi tà á, kí iye rẹ̀ sì fi ọ̀sẹ̀ kan lé ní iye ọjọ́ tí yóò lò. Ínsúlínì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí ó lè dì níbẹ̀, èyí tí ó bá sì ti dì ti bàjẹ́ bí ó tilẹ̀ tún yọ́. Ní ti aago, ìyàtọ̀ wákàtí kan péré ni ó wà láàárín Abidjan àti Praia, kò sì nílò ìyípadà kan tí ó le. Mauritius ni ó fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú Abidjan, kí dókítà sì bá a ṣètò abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ibẹ̀ bá ni ó ń lọ. Oògùn ìrora líle bíi tramadol tàbí èyí tí ó ní codeine nínú gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà, àwọn aṣọ́bodè Mauritius kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá.

Oúnjẹ kò ní dà á láàmú. Cachupa, oúnjẹ tí Cabo Verde fi ń yangàn, jẹ́ àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ àdàlú yóò dá a mọ̀ kí ó tó dé ẹnu. Kí ó ṣáà jẹ ẹ́ bí ó ti ń jẹ àdàlú nílé, ní ìwọ̀nba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Alátọ̀gbẹ tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dínkù lè rìn lórí yanrìn gbígbóná títí awọ ẹsẹ̀ yóò fi bó láìmọ̀. Bàtà ní gbogbo ìgbà, títí kan inú omi, kí ẹnìkan sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní gbogbo alẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò wọ̀

Ọ̀pọ̀ jùlọ ń wọ ọkọ̀ òfurufú ní Port-Bouët. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tí ń lọ lẹ́bàá etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà a sì máa yà sí èbúté Abidjan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba aboyún tí oyún rẹ̀ bá ti di ọ̀sẹ̀ 24, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí ìrìn àjò yóò parí, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì máa ń tètè ràn nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn afọwọ́ tí ó ní ọtí nínú kò sì tó láti pa kòkòrò tí ó sábà ń fà á. Ọṣẹ àti omi ni. Kí ẹ gbé omi iyọ̀ àti ṣúgà alápò lọ́wọ́ fún ọmọ kékeré náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá padà

Kí ìdílé náà padà sínú àwọ̀n ẹ̀fọn wọn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe àyẹ̀wò ibà lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ibà, kí ó má ṣe dúró níbẹ̀, kí ó béèrè nípa dengue. Títí a ó fi mọ̀, parasitámọ́lù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe lo aspirin tàbí ibuprofen, nítorí àwọn oògùn méjèèjì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí dengue ń ṣe. Inú ríro líle, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu tàbí ní imú, tàbí òòyì nígbà tí ibà náà ń lọ sílẹ̀ jẹ́ àmì pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà. Kí ẹ kọ orúkọ erékùṣù náà àti ọjọ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀.